Bí Ìlú Méjì Ṣe Di Ọ̀kan: Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Midtjylland

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Òwe yìí rọrùn láti pa, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti mú lò. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn da ọwọ́ pọ̀ ní láti jọ̀wọ́ ohun kan tí ó fẹ́ràn. Bí ó bá sì jẹ́ ìlú méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn díje láti ọjọ́ pípẹ́ ni, orúkọ ni ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò jọ̀wọ́. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ní ọdún 1999, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì tí wọ́n jẹ́ orogún pa orúkọ wọn tì, tí wọ́n sì di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹgbẹ́ náà ni FC Midtjylland. Ìtàn rẹ̀ yẹ fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ láti kà, nítorí pé ọ̀rọ̀ títọ́ ọmọ àti kíkọ́ ọmọ ni ó gba ààrin rẹ̀ kan, ọ̀nà kan sì ti ilẹ̀ Rẹ́mọ lọ dé ibẹ̀.

ILẸ̀ NÁÀ ÀTI ÀWỌN ÈNÌYÀN RẸ̀

Ìtumọ̀ Midtjylland ni "Àárín Jylland". Jylland ni apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, òun ni ó sì fi ara kan ilẹ̀ Jámánì. Copenhagen tí í ṣe olú-ìlú wà lórí erékùṣù kan ní ìhà ìlà-oòrùn. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ iyanrìn ni ó pọ̀ ní àárín Jylland, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gba irúgbìn. Nígbà tí àwọn ará ibẹ̀ rí i pé iṣẹ́ oko nìkan kò lè bọ́ wọn, wọ́n fi irun àgùntàn hun ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ òtútù. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, ni ó ń hun ún, àwọn alárìnkiri a sì máa kiri ọjà wọn láti ìlú dé ìlú. Láti inú iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ ti jáde, tí wọ́n sì sọ Herning àti Ikast di ìlú oníṣòwò. Nígbà tí ó ṣe, púpọ̀ nínú iṣẹ́ aṣọ náà ṣí lọ sí àwọn ilẹ̀ tí owó iṣẹ́ kò ti wọ́n. Nítorí náà, àwọn ènìyàn yìí mọ ohun tí à ń pè ní àìní, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń dúnàá-dúrà.

OROGÚN MÉJÌ

Herning àti Ikast kò jìnnà sí ara wọn. Ìrìn bíi kìlómítà 12 péré ni ó wà láàrin wọn. Ní Herning, a dá ẹgbẹ́ Herning Fremad sílẹ̀ ní ọdún 1918. "Síwájú" ni ìtumọ̀ Fremad. Ní Ikast, a dá Ikast FS sílẹ̀ ní ọdún 1935. Bí aládùúgbò méjì bá ń ta ọjà kan náà, kò ní ṣàìsí ìjowú láàrin wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì rí.

Herning Fremad dé ìpele gíga jù lọ fún ìgbà díẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n kò pẹ́ níbẹ̀. Ikast ni ó ní òkìkí jù. Ó dé àṣekágbá ìdíje ife ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ní ọdún 1986, ní 1989 àti ní 1997, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó pàdánù. Ní ọdún 1998, ó já bọ́ kúrò ní ìpele gíga jù lọ.

Ayé bọ́ọ̀lù ti yí padà nígbà náà. Títí di ọdún 1978, kò sí ẹni tí ó ń gba owó iṣẹ́ fún bọ́ọ̀lù gbígbá nínú ìdíje ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Káfíńtà a gbé ayùn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a sì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1986, ẹgbẹ́ Brøndby tí ó wà lẹ́bàá Copenhagen bẹ̀rẹ̀ sí gba àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju bọ́ọ̀lù lọ. Ní ọdún 1992, ẹgbẹ́ àtijọ́ méjì ní Copenhagen, KB tí a dá sílẹ̀ ní 1876 àti B 1903, para pọ̀ di FC København. Bí olú-ìlú tí ó ní ènìyàn àti owó bá ń da ọwọ́ pọ̀, kí ni kí ìlú kékeré ṣe?

Àwọn oníṣòwò méjì ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Johnny Rune, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó di ẹni ńlá nínú òwò, dúró fún Ikast. Steen Hessel, ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ Mercedes, dúró fún Herning. Àwọn méjèèjì rí i pé bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń dá rìn, kò sí èyí tí yóò dé ibi tí Brøndby àti København wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1999, FC Midtjylland bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó yẹ kí a kíyè sí bí wọ́n ṣe pín nǹkan. Wọn kò fi orúkọ Herning pe ẹgbẹ́ tuntun náà, wọn kò sì fi orúkọ Ikast pè é; orúkọ agbègbè tí ó gba ìlú méjèèjì mọ́ra ni wọ́n fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀, pápá Ikast ni ẹgbẹ́ náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 2004, a ṣí pápá ìṣeré tuntun tí ó gba ènìyàn bíi 12,000 ní Herning, ṣùgbọ́n Ikast ni ìgbaradì ojoojúmọ́ wà síbẹ̀. Herning ní ọjọ́ ìdíje, Ikast ní ọjọ́ iṣẹ́. Wọn kò sì pa àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ rẹ́. Ikast FS àti Herning Fremad wà síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún ìgbádùn, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń kọ́kọ́ mọ bọ́ọ̀lù. Bí a bá fẹ́ kí orogún méjì gbé ilé kan, àfi kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀.

ÌGÒKÈ PẸ̀LÚ ÌJÁKULẸ̀

Ọdún àkọ́kọ́ gan-an ni ẹgbẹ́ náà fi gòkè lọ sí ìpele gíga jù lọ. Ní ìparí ìdíje ọdún 2001, ipò kẹrin ni ó wà. Nígbà tí ó di 2002, ó bọ́ sí ipò kẹta. Ó wá dà bí ẹni pé ife kò ní pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ìjákulẹ̀ tí ó bá Ikast jà tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Midtjylland pàdánù nínú àṣekágbá ìdíje ife ní 2003, ní 2005, ní 2010 àti ní 2011. Nínú ìdíje gbogbogbòò, ipò kejì ni ó gbà ní 2007 àti ní 2008. Odidi ọdún 15 ni ẹgbẹ́ náà fi wà láìgba ife ńlá kankan. Ohun tí ó ń gbìn ní abẹ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà náà ni ó ṣe pàtàkì.

ILÉ-Ẹ̀KỌ́ ÀWỌN ỌMỌ

Ní ọdún 2004, Midtjylland dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀, irú èyí tí kò sí ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì rí. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń gbé níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń lọ sí ilé-ìwé bí ẹgbẹ́ wọn gbogbo. Rasmus Ankersen, ọ̀kan nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ti kọ ìtàn kan tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ àkọ́kọ́, àyè kan ṣẹ́ kù. Ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ náà ni wọ́n fi dí i, kì í ṣe pé wọ́n rí ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀ lára rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, a ní kí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n rò pé yóò lọ jìnnà jù lọ sínú ìwé. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó kọ orúkọ ọmọ náà.

Simon Kjær ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2008, ẹgbẹ́ Palermo ní ilẹ̀ Ítálì rà á. Ó di balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún ilẹ̀ rẹ̀ nígbà 132. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Christian Eriksen dédé ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ní Copenhagen tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró, Kjær wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ara wọn ṣe odi yí i ká, kí ojú ayé má baà wo ìhòòhò ìrora rẹ̀. Eriksen yè é. Ta ni ó lè fi ìdánwò ọjọ́ kan mọ irú ọmọ báyìí?

Winston Reid náà jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Ọmọ ilẹ̀ New Zealand ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni ó gbé dàgbà. Òun ni ó fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé fún New Zealand nínú ìdíje ife àgbáyé ọdún 2010, tí wọ́n fi bá Slovakia ta ọ̀mì.

LÁTI ṢÀGÁMÙ DÉ HERNING

Kì í ṣe àwọn ọmọ ilẹ̀ náà nìkan ni ẹgbẹ́ yìí wá kiri. Ó bá FC Ebedei ti Ṣàgámù ní Ìpínlẹ̀ Ògùn da òwò pọ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ Nàìjíríà sì gba ibẹ̀ kọjá sí Jylland. Lára wọn ni Sylvester Igboun, Paul Onuachu, Frank Onyeka àti Raphael Onyedika. Àwọn ọmọ Yorùbá náà gbá bọ́ọ̀lù fún Midtjylland. Olúwafẹ́mi Àjílórè wà níbẹ̀ títí di 2008, ọdún náà gan-an ni ó sì wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Beijing. Rilwan Hassan náà lo ọdún púpọ̀ níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2016, Manchester United wá sí Herning. Àwọn àlejò ni ó kọ́kọ́ gbá góòlù wọlé. Pione Sisto dá a padà. Nígbà tí ìdíje ku ìṣẹ́jú bíi 13, Onuachu, ọmọkùnrin tí ó ga ju mítà méjì lọ, gbá èkejì wọlé, Midtjylland sì borí pẹ̀lú ayò méjì sí ẹyọ kan. Lóòótọ́, ní ọ̀sẹ̀ kejì ní Manchester, wọ́n jẹ márùn-ún sí ẹyọ kan, wọ́n sì jáde nínú ìdíje náà. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè pa alẹ́ àkọ́kọ́ yẹn rẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí. Onuachu lọ sí Genk ní ilẹ̀ Bẹ́líjíọ̀mù ní 2019, ó sì gbá góòlù 33 wọlé ní ìdíje ọdún 2020 sí 2021. Onyeka lọ sí Brentford ní ìlú London ní 2021. Onyedika lọ sí Club Brugge ní 2022. Àwọn wọ̀nyí ni a mọ̀, nítorí pé wọ́n yege. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá yege, àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n jọ sáré lórí pápá kan náà tí a kò yàn. Ní Jylland, ìwé wà lọ́wọ́ ọmọ tí kò yege, nítorí pé a kò já a kúrò ní ilé-ìwé nítorí bọ́ọ̀lù. Ohun tí ó yẹ kí a bèèrè nípa ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù gbogbo, yálà ti òyìnbó tàbí tiwa, nìyí: kí ni ó wà lọ́wọ́ ọmọ tí bọ́ọ̀lù kọ̀?

ÌṢIRÒ ÀTI IFE

Ní ọdún 2014, nígbà tí owó ti di ìṣòro fún ẹgbẹ́ náà, Matthew Benham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ni Brentford, ra ìpín tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìṣirò ni ó fi là. Ankersen di alága, wọ́n sì ń fi ìṣirò yan agbábọ́ọ̀lù, wọ́n ń fi ìṣirò wo ìdíje. Wọ́n kọbi ara sí ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ojú kékeré wò, bíi bọ́ọ̀lù tí a gbá láti igun àti èyí tí a fi ọwọ́ jù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Wọ́n tilẹ̀ gba olùkọ́ kan, Thomas Grønnemark, fún bọ́ọ̀lù jíjù nìkan.

Ní 2015, ife dé. Midtjylland di ẹgbẹ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì. Ó tún gbà á ní 2018 àti ní 2020. Ní 2019, ó borí Brøndby nínú àṣekágbá ìdíje ife pẹ̀lú pẹ́nárítì, ìjákulẹ̀ Ikast àti ti ọmọ rẹ̀ sì dópin. Ó tún gba ife náà ní 2022. Ní ìparí ọdún 2020, ó wọ ìdíje àwọn akọni ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú Liverpool, Ajax àti Atalanta. Kò borí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó bá Atalanta àti Liverpool ta ọ̀mì. Ní 2023, Anders Holch Povlsen, oníṣòwò aṣọ tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ Benham. Bẹ́ẹ̀ ni òwò aṣọ, tí ó kọ́kọ́ gbé ìlú méjèèjì dìde, ṣe padà wá di ẹgbẹ́ wọn mú. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó gba ife ìdíje gbogbogbòò lẹ́ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú àmì ẹyọ kan ṣoṣo tí ó fi ju Brøndby lọ.

Láti 1999 títí di ọjọ́ yẹn jẹ́ ọdún 25, ó ku díẹ̀. Ìlú méjì tí kò sí èyí tí ó lè dá gba ife kan ti gba mẹ́fà pọ̀. Kì í ṣe owó nìkan ni ó ṣe é, nítorí pé ẹgbẹ́ tí ó lówó jù wọ́n lọ wà. Wọ́n jọ̀wọ́ orúkọ, wọ́n pín ohun tí ó ṣeé pín, wọ́n fi sùúrù ọdún 15 tọ́ ọmọ kí ife tó dé. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sì ni ó di balógun ilẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní ìwé orúkọ lọ́wọ́ kí ó rántí ọmọ tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀.