Rọ́bà tí Ẹ́ńjìnnì Jókòó Lé: Ìtàn Ọkọ̀ Àtijọ́ láti Ìkìrun dé Òkukù

Nígbà tí wọ́n bá ń pìtàn ọkọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn olówó tí ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ni ó sábà máa ń gba ẹnu àwọn òpìtàn. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni béèrè ẹni tí ó mú kí ọkọ̀ náà pẹ́ lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì ju ti ìṣáájú lọ, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni a ń ra ọkọ̀, ṣùgbọ́n ogún ọdún ni a lè fi tún un ṣe. Ohun kékeré kan wà tí ó lè la ọ̀rọ̀ náà yé ènìyàn: rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní síìtì ẹ́ńjìnnì.

Ọkọ̀ ojú irin ni ó ṣáájú mọ́tò dé agbègbè Ìkìrun. Ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà mọ́tò wá gbilẹ̀. Ọ̀nà tí ó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà so Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irè oko ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kó lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí ó yá, àwọn méjèèjì ń du ẹrù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà kò mọ ohun tí ó ń jẹ́ tìmùtìmù. Ford Model T, èyí tí wọ́n ṣe láti 1908 sí 1927, bóòtù ni wọ́n fi de ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mọ́ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n, gbogbo ara ọkọ̀ ni ó ń bá a gbọ̀n, àti èrò tí ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 1931 ni ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà gbé ọkọ̀ Plymouth kan jáde tí wọ́n fi rọ́bà sí ààrin ẹ́ńjìnnì àti irin. Citroën ní ilẹ̀ Faransé gba àṣẹ láti lo ọgbọ́n náà ní 1932. Láti ìgbà náà ni ẹ́ńjìnnì ti ní ìjókòó: irin pẹlẹbẹ lókè, irin pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, rọ́bà láàrin.

Rọ́bà fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Ní 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí ọgbọ́n fífi imí ọjọ́ àti iná se rọ́bà, kí ooru má baà yọ́ ọ, kí òtútù má sì sọ ọ́ di gbígan. Nígbà tí ayé wá ń wá rọ́bà kiri, àwọn ènìyàn wọ inú igbó ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀yìn 1890, wọ́n ń kọ igi ìrẹ́ lára láti gba oje rẹ̀. Ojúkòkòrò mú wọn kọ ọ́ kọjá ààlà, ọ̀pọ̀ igi kú, òwò náà sì wọmi láàrin ọdún díẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀: ohun tí a kò tọ́jú kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ̀kọ́ náà padà wá nígbà tí ọkọ̀ pọ̀. Ní 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Peugeot 504, tí gbogbo ayé ń pè ní Píjò, di ẹṣin àwọn olùkọ́, àwọn oníṣòwò àti àwọn awakọ̀ èrò. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án 1986 ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà, iye náírà sì já wálẹ̀ gidigidi. Ọkọ̀ tuntun kọjá agbára òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ di í mú ṣinṣin. Ẹni tí kò ní wá tòkunbọ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ìgbésí ayé ọkọ̀ ti wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ju ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é lọ.

Rọ́bà kì í pẹ́ bí irin. Ooru ń mú un gan, ọ́ìlì tí ó bá ń jò sí i lára ń mú un wú, títí yóò fi ya kúrò lára irin. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ọkọ̀ tí ó ń gbọ̀n nítorí síìtì jọ èyí tí ó ń gbọ̀n nítorí pulọ́ọ̀gì. Mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ yóò ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ jókòó sídìí ọkọ̀, kí ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ó ki gíà, kí ó sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ yóò dúró sí ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe iwájú, yóò sì máa wo ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá fò sókè ju bí ó ti yẹ lọ, síìtì ẹ̀gbẹ́ náà ti já. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, fáànù tí ẹ́ńjìnnì ń yí lè lọ gé redíétọ̀.

Pípààrọ̀ rẹ̀ ní ètò. Wọ́n á tú okùn bátìrì. Wọ́n á fi jáàkì ti ẹ́ńjìnnì láti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú pákó lórí jáàkì kí ó má baà fọ́ àwo ọ́ìlì. Wọ́n á tú àwọn nọ́ọ̀tì, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sókè díẹ̀ péré, kí rọ́bà omi má baà fà ya, wọ́n á sì yọ ti àtijọ́. Wọn kì í fún bóòtù síìtì tuntun pinpin títí ẹ́ńjìnnì yóò fi jókòó lé e tán. Ti ọ̀tún àti ti òsì ni wọ́n sì ń pààrọ̀ pọ̀, nítorí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí: èyí tí ó ti gbó yóò di gbogbo wàhálà ru tuntun.

Ibí ni awuyewuye wà. Nígbà tí síìtì wọ́n, àwọn kan gé táyà tí ó ti jẹ tán, wọ́n sì tò ó sí ààyè rọ́bà. Àwọn kan pe èyí ní ọgbọ́n, àwọn mìíràn pè é ní ìwà ìbàjẹ́. Òtítọ́ wà ní ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ láàrin Ìnísà àti Òkukù ní òru, táyà gígé lè gbé èrò délé, ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, kò sì lè di ẹ́ńjìnnì mú pẹ́. Ẹni tí ó bá fi í sílẹ̀ títí oṣù yóò fi di ọdún ti sọ ìtùnú ọjọ́ kan di ewu ojoojúmọ́. Àìní ni ó bí àṣà náà, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ni ó sọ ọ́ di bárakú.

Ìdákẹ́ yìí gan-an ni ó yẹ kí ó ká àwọn olùkọ́ lára. Ẹ̀ka Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006, wà ní Òkukù, kò sì jìnnà sí ojú ọ̀nà tí àwọn mẹkáníìkì ti ń ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ àwọn wọ̀nyí, láti ẹnu ọ̀gá sí etí ọmọṣẹ́ ni ó ti ń rìn. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá kú tí kò ní ọmọṣẹ́, ó bá a wọlẹ̀ ni. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè kọ ìtàn ogun Jálumi ti 1878 ní Ìkìrun sílẹ̀, kò sí ìdí tí kò fi ní kọ ti àwọn tí ó gbé ìlú ró pẹ̀lú sípánà. Àwọn náà ja ogun, wọ́n sì ń jà á lọ́wọ́.