Wákàtí iṣẹ́ àwọn awakọ̀ ẹrù

Òfin wákàtí iṣẹ́ awakọ̀ ẹrù ni òfin tó sọ iye wákàtí tí ẹni tó ń wa tírélà, ọkọ̀ agbépo tàbí ọkọ̀ akẹ́rù mìíràn lè fi wakọ̀ kí ó tó sinmi. Ète rẹ̀ ni láti dẹ́kun ìjàmbá tí oorun àti àárẹ̀ ń fà. Àdéhùn 153 tí àjọ ILO ṣe ní ọdún 1979 sọ pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìdúró, tàbí ju wákàtí 9 lọ lójúmọ́.

Ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí

Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ tó ti sinmi fún wákàtí 10 gbáko lè wakọ̀ fún wákàtí 11, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ láàárín wákàtí 14 láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ìwé ni àwọn awakọ̀ ń kọ wákàtí wọn sí tẹ́lẹ̀, ó sì rọrùn láti kọ irọ́ sí i. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2017 ni òfin ti sọ ẹ̀rọ ELD di dandan fún ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ̀rọ yìí, tí a so mọ́ ẹ́ńjìnnì, máa ń ṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kété tí ọkọ̀ bá gbéra. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, tákógíráàfù ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀rọ náà ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá tó bá fẹ́ kó wakọ̀ mọ́jú. Síbẹ̀, àkókò tí awakọ̀ fi ń dúró de ẹrù wà nínú wákàtí 14 náà, èyí sì ń mú kí àwọn kan sáré láti rí àkókò náà gbà padà. Ìwádìí tí Alex Scott, Andrew Balthrop àti Jason Miller ṣe fi hàn pé rírú òfin wákàtí dín kù lẹ́yìn tí ELD di dandan, ṣùgbọ́n ìjàmbá kò dín kù.

Ní Nàìjíríà

Abala 13 nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fi iye wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ fún àdéhùn. Òṣìṣẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi wákàtí 1 ó kéré tán, àti ọjọ́ ìsinmi kan láàárín ọjọ́ 7. Àmọ́ iye ìrìnàjò ni a fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ awakọ̀ tírélà, nítorí náà ìsinmi máa ń dín owó wọn kù.

Ẹ̀rọ tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tẹnu mọ́ láti ọdún 2016 ni èyí tó ń dènà eré àsápajúdé. Ó ń dín eré kù, ṣùgbọ́n kì í ka wákàtí. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, Àjọ Èbúté Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ Ètò, ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń pe ọkọ̀ wọ èbúté ní Èkó, láti dín títò tírélà ní Àpápá kù.

Títò bẹ́ẹ̀ wà lára iṣẹ́. Awakọ̀ tó bá kó ẹrù ní Àpápá, tó sì gba Ìbàdàn, Iléṣà àti Àkúrẹ́ wọ Ìkéré, kí ó tó kọjá sí Adó-Èkìtì àti ìhà Ìsinbòdè àti Òmùò, lè ti rẹ̀ kí ó tó kúrò ní Èkó. Bí òfin bá ka kìkì wákàtí tí táyà fi yí, kò tíì ka àárẹ̀ rẹ̀ tán.