Òrùka tí a So Mọ́ Ìwé: Ìtàn Òrùka Ìgbéyàwó àti Yíyan Dáyámọ́ńdì ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Níbi ìdáná ní Abẹ́òkúta lónìí, àkókò kan wà tí gbogbo agbo máa ń pa rọ́rọ́. Wọn á ti to iṣu, obì, orógbó, atare, oyin, iyọ̀ àti àpótí aṣọ sílẹ̀. Alága á wá ní kí ìyàwó mú ohun kan ṣoṣo tó wù ú jù nínú gbogbo ẹrù náà. Ìyàwó á rìn yí ẹrù ká, á sì gbé Bíbélì tàbí Kùránì. Orin á bẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ara ìwé náà ni wọ́n so òrùka mọ́. Ọkọ á tú òrùka, á fi sí i lọ́wọ́, ìyàwó á sì na ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé rí i.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀rọ̀ òrùka yìí ti máa ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin láàmú. Ṣé dáyámọ́ńdì róbótó ni kí ó rà ni, àbí onígun mẹ́rin, àbí èyí tó rí bí ẹyin? Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ bí òrùka ṣe dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá yóò rí i pé ohun tí a so òrùka mọ́ ti wà ṣáájú òkúta orí rẹ̀, òun ló sì wúwo jù.

Kí òrùka ìgbéyàwó tó dé

Yorùbá mọ ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye tipẹ́tipẹ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì ní Igbó Olókun. Ní Ìlọrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń lọ òkúta pupa, wọ́n ń lu ú, wọ́n sì ń dán an títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Iyùn wà lọ́rùn ọba àti ọlọ́lá, sẹ̀gi aláwọ̀ aró ń dán lára wọn, lágídígba tí a fi èkùrọ́ ṣe sì wà ní ìdí obìnrin. Àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn.

Òrùka pàápàá kò ṣàjèjì. Òrùka idẹ wà, òrùka oògùn sì wà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí èyí tí a fi ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀. N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1893, parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939. Ní 1970 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìwé náà ṣàlàyé bí ìdílé méjì ṣe ń di àna ara wọn. Alárinà á rìn, ẹbí á ṣe ìwádìí, wọn á tọrọ ọmọ, àwọn òbí á jọ́hẹn, wọn á dáná, lẹ́yìn náà ni a ó sin ìyàwó lọ sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni okùn tó so wọ́n pọ̀.

Òrùka àti ìwé

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó lábẹ́ Òkè Olúmọ. Kò tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, tí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, tí wọ́n sì kó lọ sí Freetown. Thomas Birch Freeman dé Abẹ́òkúta ní oṣù Kejìlá 1842, Henry Townsend sì tẹ̀ lé e ní oṣù Kìíní 1843. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó di 1846, àwọn míṣọ́nnárì ti fìdí kalẹ̀ sí ìlú.

Àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí ló mú òrùka ìgbéyàwó wá. Ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1662 ní kí ọkọ fi òrùka sí ìka kẹrin ní ọwọ́ òsì ìyàwó. Ìwé náà kò dárúkọ òkúta kankan. Ẹ̀jẹ́ ló kà sí: ọkùnrin kan, obìnrin kan, títí ikú yóò fi yà wọ́n.

Ẹ̀jẹ́ yìí ko ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Ọkùnrin tó ti fẹ́ ju aya kan lọ kò lè gba ìrìbọmi láìjẹ́ pé ó kọ àwọn yòókù sílẹ̀, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Lambeth sì fi òǹtẹ̀ lu òfin náà ní 1888. Baálé ilé ní láti yan èyí tí yóò jọ̀wọ́. Obìnrin tí wọ́n bá sì jọ̀wọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Òfin ìjọba náà wọ inú ọ̀rọ̀. Ní 1884, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó tó dé Èkó, tó fún aya àti àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ogún lọ́nà ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹjọ́ Cole àti Cole ní Èkó ní 1898 fi ìwúwo ọ̀rọ̀ náà hàn. Ọkùnrin kan tó ṣe ìgbéyàwó onígbàgbọ́ ní Sàró kú láìṣe ìwé ìhágún. Arákùnrin rẹ̀ ní òun ni àṣà ìbílẹ̀ yan láti jogún. Ilé ẹjọ́ gíga kò gbà fún un, ó ní irú ìgbéyàwó tí olóògbé náà ṣe ti gbé ọ̀rọ̀ ogún rẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀. Ọmọ tó bí nínú ìgbéyàwó náà ni ogún tọ́ sí.

Òfin Èkó kò de Abẹ́òkúta nígbà náà, nítorí pé àdéhùn 1893 fi Ẹ̀gbá sílẹ̀ bí ìlú olómìnira. Nígbà tó di 1914, Ẹ̀gbá pàdánù òmìnira yẹn, òfin ìgbéyàwó tuntun sì jáde fún gbogbo Nàìjíríà ní ọdún kan náà. Òun ni ìpìlẹ̀ èyí tó wà títí di òní. Ohun tó bèèrè ni pé kí ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, kí ẹlẹ́rìí méjì ó kéré tán wà níjòókòó, kí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ló wà fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó yìí tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn nílànà ìbílẹ̀. Òfin náà kò béèrè òrùka, áńbọ̀sìbọ́sí dáyámọ́ńdì.

Bí òkúta ṣe gun orí òrùka

Láyé àtijọ́, ilẹ̀ Íńdíà ni dáyámọ́ńdì ti ń wá, kí wọ́n tó tún rí i ní Brasil ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Àwọn ọba àti ọmọ ọba ló ń lò ó. Ní 1477, Maximilian ará Austria fi òrùka dáyámọ́ńdì fẹ́ Mary ti Burgundy. Ní 1867, ọdún tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta tí wọ́n sì lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò nílùú, ni òkìkí kàn pé wọ́n rí dáyámọ́ńdì ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n rí i lọ́pọ̀ yanturu débi pé àwọn oníṣòwò bẹ̀rù kí iye rẹ̀ má já wálẹ̀. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ De Beers sílẹ̀ ní 1888, ilé iṣẹ́ náà sì di èyí tó ń darí ọjà dáyámọ́ńdì. Ní nǹkan bí 1947 ni ìpolówó ọjà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kéde pé títí ayé ni dáyámọ́ńdì. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn ká ayé.

Ilẹ̀ Sàró pàápàá, níbi tí àwọn tó mú òrùka wá sí Abẹ́òkúta ti ṣí wá, ní dáyámọ́ńdì nínú, ṣùgbọ́n 1930 ni wọ́n tó rí i ní agbègbè Kono. Nígbà ogun abẹ́lé tó jà níbẹ̀ láti 1991 sí 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń fi òkúta náà ra ohun ìjà. Ìdí nìyí tí àwọn orílẹ̀-èdè fi gbé ètò Kimberley kalẹ̀ ní 2003, láti fi òǹtẹ̀ sí òkúta tí kò ti ọwọ́ ọlọ̀tẹ̀ wá.

Yíyan ìrísí

Ẹni tó mọ gbogbo èyí lè wá fi ọkàn balẹ̀ yan òkúta. Ìrísí róbótó tó wọ́pọ̀ jù ní ojú 57. Marcel Tolkowsky ló ṣírò bí ó ṣe yẹ kí wọ́n gé e jáde ní 1919. Òun ló ń tàn jù, ṣùgbọ́n ó lè gbà ju ìdajì òkúta tútù lọ dànù kí ó tó jáde, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Onígun mẹ́rin kì í fi òkúta ṣòfò tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà owó rẹ̀ máa ń rọjú díẹ̀. Èyí tó rí bí ẹyin àti èyí tó rí bí ọkọ̀ ojú omi máa ń tóbi lójú ju ìwọ̀n wọn lọ, wọ́n sì máa ń mú kí ìka gùn. Èyí tó fẹjú pẹrẹsẹ kì í fi àbùkù inú òkúta pamọ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni náà ṣe kókó. Aláró tó ń ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò aró, tó sì ń ká àdìrẹ ní Ìtòkú, kò nílò òkúta onígun ṣóńṣó tí yóò máa fa aṣọ ya. Igun bẹ́ẹ̀ a sì tún máa kán. Róbótó tàbí ti ẹyin, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ òrùka dáadáa, ló yẹ ẹ́. Bí owó kò bá sì tó, dáyámọ́ńdì tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì wà. Láti 1954 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ti mọ ọ̀nà àtiṣe é. Ohun kan náà ni òun àti ti inú ilẹ̀, ó sì dínwó jìnnà. Òrùka wúrà lásán náà kò ní àléébù. Òun ni àwọn Sàró fi bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó jẹ gbèsè nítorí òkúta yóò san án pẹ̀lú owó oúnjẹ ilé rẹ̀. Kí ẹni méjèèjì kọ́kọ́ jókòó sọ irú ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe, irú ẹ̀jẹ́ tí wọ́n ń jẹ́, àti ẹ̀tọ́ tí òfin fún wọn, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ góòlù. Ìwé ni ìyàwó ń gbé níbi ìdáná. Ara ìwé náà ni òrùka wà.