Ẹ̀pà, Epo Pupa àti Ẹ́ńjìnnì Dísù: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Èmi ni ọ̀rọ̀ ìtàn kàn lọ́sẹ̀ yìí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń lọ láti group dé group pé òróró ẹ̀pà ni òyìnbó tó ṣe ẹ́ńjìnnì dísù ní lọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn elépo rọ̀bì ló wá yí i padà. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ gan-an tiẹ̀ kan àwa tí à ń gbé Kano níbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Rudolf Diesel ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ Jámánì ni, Paris ni wọ́n bí i sí ní 1858. Ó ń wá ẹ́ńjìnnì tí kò ní máa jẹ epo ní ìjẹkújẹ bí àwọn ẹ̀rọ sítíìmù ìgbà yẹn. Èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná wà lára ohun tó kọ́kọ́ rò, kó tó bọ́ sórí epo rọ̀bì. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáhùn. Ẹ ò gbọ́ ẹ̀pà níbẹ̀ rárá.

Ẹ̀pà dé ní 1900, níbi ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris. Ilé iṣẹ́ Otto gbé ẹ́ńjìnnì dísù kékeré kan wá, òróró ẹ̀pà ló sì ń mu. Diesel fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní 1912 pé ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ débi pé ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀. Ta ló ní kí wọ́n dán an wò? Ìjọba Faransé. Wọ́n ń wo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ wọn, níbi tí ẹ̀pà ti ń so wọ̀ǹtìwọnti. Wọ́n ní tí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá lè mu òróró ibẹ̀, kò ní sí pé à ń fi ọkọ̀ òkun kó èédú àti epo lọ. Ilẹ̀ wa ni wọ́n ń rò o, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí tiwa.

Diesel náà dán òróró wò lẹ́yìn ìyẹn, ó sì gbà pé yóò wúlò lọ́jọ́ iwájú. September 1913 ló sọnù sínú òkun láti inú ọkọ̀ tó ń lọ England. Àhesọ pọ̀ lórí ikú yẹn, n ò ní bá wọn dá sí i.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni reluwé wọ Kano, 1911 sí 1912. Òwú ni Gẹ̀ẹ́sì ń retí, ẹ̀pà ni àwọn àgbẹ̀ gbìn. Ẹ̀yin àgbà ṣì rántí òkìtì àpò ẹ̀pà tó ga bí òkè, ẹ sì mọ orúkọ Alhassan Dantata nínú òwò náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kó o lọ fún. Magarínì àti ọṣẹ ni Yúróòpù ń fi òróró rẹ̀ ṣe. Ọ̀dá àti àrùn ẹ̀pà ti 1975 ló wá bá òkìtì wọ̀nyẹn jẹ́.

Kí ló dé tí ẹ́ńjìnnì kò fi mu ún? Owó ni, epo rọ̀bì rọjú. Ìkejì ni pé òróró ki. Ó ki ju dísù lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀. Nọ́sù kò lè fọ́n ọn bí ìkùukùu, kò sì ní jó tán. Èyí tí kò jó á di èédú dúdú lẹ́nu nọ́sù àti lára ríìngì, ìyókù á ro sínú ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì. Arákùnrin wa tó ní ẹ̀rọ ìlọta, tó ní òun fẹ́ máa da man gyaɗa sí i nítorí dísù wọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ̀rọ yẹn á ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la, á ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pàápàá. Ohun tó ń tan èèyàn nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń sáré díẹ̀díẹ̀ á tiẹ̀ fara dà á pẹ́ ju ti ìsinsìnyí lọ, àmọ́ oúnjẹ ọmọ yín ni ẹ̀rọ yẹn.

Ẹni tó tú u ni Georges Chavanne, ní yunifásítì Brussels. Epo pupa ilẹ̀ Kóńgò, tó wà lábẹ́ Bẹ́ljíọ̀m nígbà náà, ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó fi ọtí líle àti kẹ́míkà po ọ́, gílísíríìnì yà kúrò lára rẹ̀, èyí tó kù sì ṣàn bíi dísù. Ìyẹn là ń pè ní biodiesel lónìí. Wọ́n fún un ní ìwé àṣẹ ní 1937. Nígbà tó di 1938, bọ́ọ̀sì èrò kan ń fi epo pupa yẹn rin láti Brussels sí Louvain. Ẹ ò rí nǹkan! Ogun dé, epo rọ̀bì tún rọjú lẹ́yìn ogun, wọ́n pa á tì.

Ìgbà tí epo gbówó lórí ní 1973 ni ayé tún rántí. Ní Brazil, Expedito Parente ti yunifásítì Ceará béèrè fún ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní 1980, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn dáadáa títí ìwé náà fi kú. Òfin wọn kò dé àfi 2005. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 2 nínú 100 ní 2008, ó ti di ìdá 15 láti August 2025. Tiwa ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ní 2007 pé ìdá 20 ni a ó máa pò mọ́ dísù. Ẹ lọ wo ilé epo tó wà ládùúgbò yín.

Ẹ̀yin ìyá tó ń se ọṣẹ, iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí tiyín. Kọ́sítíìkì kan náà ni, methanol ló kún un. Ọgọ́rùn-ún kílò òróró, bíi kílò mẹ́wàá methanol. Tí omi bá wà nínú òróró náà, ọṣẹ ni yóò dà. Methanol yẹn sì ń fọ́ni lójú, ó ń pani, ó tètè ń gbaná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe é nínú kíṣìnnì o.

Owó ló kù. Lítà òróró ẹ̀pà tuntun wọ́n ju lítà dísù lọ lọ́jà wa báyìí, kò sẹ́ni tí yóò fi oúnjẹ da ẹ́ńjìnnì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra òróró tí wọ́n ti dín nǹkan tán ní ibi púpọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ omi inú rẹ̀. Ìyá wa tó ń dín dòdò, ẹ bá wa fi voice note sọ ọ́: òróró yín tó ti dúdú yẹn, èló lẹ ń tà á, ta ló sì ń rà á?