Bí Àwọn Ará Sàhẹ́lì Ṣe Ń Kojú Ọ̀dá

Sàhẹ́lì ni ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Sẹ̀nẹ̀gàl ní ìwọ̀-oòrùn títí dé Sudan ní ìlà-oòrùn. Ní ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni òjò fi ń rọ̀ lọ́dún, òun sì ni àwọn àgbẹ̀ àti darandaran gbójú lé. Ọ̀dá ńlá tó jà láti 1968 sí 1973 pa ẹran ọ̀sìn lọ rẹpẹtẹ, ó sì dá ìyàn sílẹ̀. Òmíràn tún jà ní 1983 sí 1984.

Ohun tó ba ilẹ̀ jẹ́

Ọ̀dá nìkan kọ́ ló ba ilẹ̀ Sàhẹ́lì jẹ́. Bí èèyàn ṣe ń pọ̀ sí i, ilẹ̀ kò ráyè sinmi mọ́, wọ́n sì ń gé igi fún oko àti fún ìdáná. Nígbà tí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, oòrùn á yan án, ojú rẹ̀ á le bí àpáta, òjò tó bá rọ̀ á kàn ṣàn kọjá ni, tòun ti ọ̀rá ilẹ̀.

Kòtò záì

Ní agbègbè Yatenga, ní àríwá Bùrkínà Fasò, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló fi abúlé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Kódífúà. Lára àwọn tó dúró ni àgbẹ̀ kan, Yacouba Sawadogo. Ní nǹkan bí 1980, ó tún záì ṣe, ìyẹn kòtò kéékèèké tí àwọn baba wọn ti ń gbẹ́ tipẹ́. Ó mú kí kòtò náà fẹ̀, kí ó sì jìn sí i; ó ń gbẹ́ ẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń da ajílẹ̀ sí i. Ajílẹ̀ yìí ló ń fa ikán wá. Ikán á lu ilẹ̀ ní ihò, omi òjò á sì ríbi wọlẹ̀ lọ bá gbòǹgbò ọkà bàbà àti jéró. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ pè é ní wèrè, ẹnìkan tilẹ̀ dáná sun oko rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tún gbin igbó tó lé ní hẹ́kítà 20. Ó kú ní 2023.

Òkúta àti igi

Ní agbègbè yìí kan náà, àwọn àgbẹ̀ ń to òkúta ní ìlà sójú oko kí àgbàrá má bàa sáré. Rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba.

Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, kùkùté ni wọ́n lò. Láti 1983, Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà, bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ láti máa dá lára èéhù orí kùkùté sí, kí wọ́n sì máa rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, òfin sọ igi di ti ìjọba, kò sí ohun tó máa mú àgbẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó dá wọn lójú pé igi oko wọn di tiwọn, àṣà náà tàn dé nǹkan bíi mílíọ̀nù hẹ́kítà 5. Igi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní gawo: ó ń wọ́wé nígbà òjò, kò sì ń ṣíji bo irúgbìn. Rinaudo àti Sawadogo wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018.

Ohun mìíràn tí àwọn ará Sàhẹ́lì ń ṣe

Àwọn obìnrin ń dá àjọ, abúlé ń kó ọkà pamọ́ sí àká àjùmọ̀ní títí di ìgbà tí ọjà bá wọ́n, darandaran ń da ẹran lọ síhà gúúsù, ọmọ tó wà lájò sì ń fowó ránṣẹ́.

Ibi tí agbára mọ

Gbígbẹ́ záì ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lórí hẹ́kítà kan, ẹni tí kò ní ẹran kì í sì í rí ajílẹ̀. Ogun àwọn agbésùmọ̀mí tó bẹ̀rẹ̀ ní Bùrkínà Fasò ní 2015 ló wá le jù: ní 2023, àwọn tó ti sá kúrò nílé níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2, àgbẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Ọgbọ́n tó ń gba ilẹ̀ là ti wà lọ́wọ́ àwọn ará Sàhẹ́lì; àìsí àlàáfíà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn lè lò ó.