Ilé Mọ́námọ́ná ní Ouidah

Ní agbègbè ìlú Ouidah ní gúúsù Benin, àwọn ènìyàn Hueda ti ń kọ́lé fún mọ́námọ́ná, ejò tí kò lóró, kí Agaja ọba Dahomey tó ṣẹ́gun wọn ní 1727. Willem Bosman, oníṣòwò ará Họ́láǹdì, mẹ́nu ba ilé ejò wọn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1704. Yàrá roboto ni ti Ouidah òde òní, láìsí dígí tàbí wáyà. Ó bọ́gbọ́n mu: ooru etíkun tó ejò náà. Wọ́n ń tú u sílẹ̀ lálẹ́ kó lọ wá eku jẹ. Aládùúgbò tó bá rí i nínú ilé yóò gbé e padà. Irú ejò yìí ni Benin, Togo àti Ghana ń tà sí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń fi pákó, dígí àti iná ṣe ilé fún un nítorí òtútù.