Àsìkò kọfí ló dùn jù

Ní 1983, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Harrison Owen ṣètò àpéjọ ńlá kan. Ọdún kan gbáko ló fi múra sílẹ̀: ìwé ìpè, àwọn tó máa sọ̀rọ̀, yàrá, oúnjẹ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ohun tí òun àtàwọn tó wá sọ ni pé àsìkò kọfí ló dùn jù. Ẹ rántí pé àsìkò kọfí nìkan ni ẹnikẹ́ni ò ṣètò ohun tí wọ́n máa sọ níbẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ò ní ṣàì rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ tiwa: wọ́n á pe àwọn ènìyàn ńlá jókòó síwájú, wọ́n á máa kí wọn títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ọ̀dọ́ tó gbé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta wá á wá rí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kó tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà gan-an, wọ́n ti ń na pépà sí i pé àkókò ti tó. Abẹ́ igi níta ni ọ̀rọ̀ gidi ti ń wáyé.

Àpéjọ ni ká pé ká jọ wà níbì kan. Àpérò ni ká pé ká rò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní àpérò, àpéjọ lásán ni.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà àbáyọ ṣáájú Owen. Ní 1969, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ báyókẹ́mísírì ilẹ̀ Yúróòpù ní Madrid, wọ́n ní káwọn kan lẹ iṣẹ́ wọn mọ́ ògiri, kí wọ́n dúró tì í, kí ẹni tó bá fẹ́ wá bi wọ́n léèrè. Ó dára, àmọ́ ìgbìmọ̀ ló ṣì ń yan ẹni tó máa lẹ̀ ẹ́.

Láìbéríà ni Owen padà lọ wò, nínú ọkàn ẹ̀ ni mo ní. Ní àwọn ọdún 1960 ó ya fọ́tò ayẹyẹ ọjọ́ mẹ́rin kan ní abúlé Balamah, èyí tí wọ́n fi ń sọ àwọn ọmọkùnrin di àgbà. Ó ní òun ò rí ìgbìmọ̀ kankan, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀ lọ geere. Ó tún rí i pé àwọn ilé yí gbàgede kan ká. Nítorí náà, ní 1985, ní Monterey ní California, ó to àga yípo, ó fi ògiri kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kan bá ń jẹ lọ́kàn á kọ ọ́ sórí pépà, á kà á sétí gbogbo ènìyàn, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pẹ̀lú àsìkò àti ibi tí wọ́n ti máa pàdé. Kò tó wákàtí méjì tí ètò ọjọ́ mẹ́ta fi délẹ̀. Ó pè é ní Open Space, kò sì gba ẹ̀tọ́ ẹ̀ mọ́wọ́. Ẹni tó bá wù ló lè lò ó. Nígbà táwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ṣe BarCamp àkọ́kọ́ ní Palo Alto lóṣù kẹjọ 2005, àwọn tó wá náà ló ṣètò ohun tí wọ́n máa sọ.

Ibì kan wà tí mi ò ti gbà fún Owen. Ayẹyẹ ọjọ́ mẹ́rin kì í dédé lọ geere nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹnì kan ti ka oúnjẹ, ẹnì kan ti rán ọmọ lọ pọnmi, àgbà ti pinnu ọjọ́ nílé kan tí àlejò ò wọ̀. Ọjà tiwa náà, ó lè jọ rúdurùdu lójú àlejò, àmọ́ Ìyálọ́jà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fara wé Balamah láìní irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀, ògiri òfìfo náà ni yóò bá lọ sílé.

Òfin ẹsẹ̀ méjì ló tún le jù fún wa. Owen ní bí ibi tó o wà kò bá kọ́ ọ ní nǹkan, tí ìwọ náà ò sì ní nǹkan kan láti fi kún un, fẹsẹ̀ ẹ méjèèjì rìn lọ síbòmíì. Ṣé ọ̀dọ́ olùkọ́ á dìde lójú ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀? Ìgbéga ẹ̀ ń kọ́? Níbi tí mo ti rí wọn tí wọ́n dán an wò, àwọn ọ̀gá nìkan ló ń rìn. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ níkẹyìn ni pé wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́ kọ́kọ́ lẹ pépà tiwọn, káwọn àgbà tó sún mọ́ ògiri.